Ó Fi Àbúrò Rẹ̀ Kọ́ Wọn Níṣẹ́, Ó Ní Òun Ò Ní Àbúrò

Ẹ jẹ́ ká fún obìnrin yìí ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú u: ó mọṣẹ́. Bẹ́ ẹ bá ń wá ẹni tó lè kọ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwọn tó ní ìpèníjà ọpọlọ, àwọn tí òye wọn kì í tètè dé ibi tí tiwa ń dé, ẹ ò lè rí ẹni tó dà bíi rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn yìí fún mi, òun náà ló ní kí n kọ ọ́ síta fún ẹ̀yin òǹkàwé. Ó ní bóun bá kọ ọ́ fúnra òun, òun á tún rí ibì kan gbé ara òun gẹ̀gẹ̀. Mo gbà á gbọ́.

Nọ́ọ̀sì àgbà ni ní ọsibítù ńlá kan. Nínú yàrá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ohun tó bá sọ labẹ gé. Màdáàmù Onítọ̀hún ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, torí gbólóhùn kan tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ bi onítọ̀hún!"

Àga méjì ló máa ń gbé kalẹ̀ níwájú kíláàsì. Ọ̀kan kọjú sí nọ́ọ̀sì, ìyẹn ni àga onítọ̀hún, ẹni tí ara ń dùn gan-an. Èkejì wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ẹnikẹ́ni tó bá mú aláìsàn wá, ibẹ̀ ni kó lọ jókòó.

"Bẹ́ ẹ bá fi onítọ̀hún sílẹ̀ níwájú yín, tẹ́ ẹ wá ń na ọrùn bi àga ẹ̀yìn léèrè," á ní, "ẹ kúkú lọ máa tọ́jú àga."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ó mọ èèyàn pa lẹ́rìn-ín dáadáa.

Ṣùgbọ́n eré tó máa ń ṣe ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Á bọ́ kóòtù funfun rẹ̀ sílẹ̀, á jókòó sórí àga onítọ̀hún, á sì di ẹlòmíì lójú wọn kòrókòró. Á máa kùn lábẹ́nu bíi fíríìjì tó ti gbó. Á fi ìka méjì mú bọ́tìnì tó wà lọ́rùn aṣọ rẹ̀, á máa yí i síwá, á máa yí i sẹ́yìn. Nígbà tó bá yá, á tẹ orí sápá kan, á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti èjìká.

"Kí lẹ rí?" á bi wọ́n.

Dókítà kan tí kò gbọ́n tó á sáà dáhùn pé, "Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn, Màdáàmù."

Haa! Ohun tó ń dúró dè nìyẹn. Á fò dìde.

"Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe! Gbólóhùn yẹn ló ń pa wọ́n! Kíkùn yẹn, ara ló ń ro ó. Bọ́tìnì yẹn, ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ lórí èjìká, ẹ wo eyín, ẹ wo etí! Tí ìṣe onítọ̀hún bá ti yí padà, nǹkan kan ń dùn ún. N ò gbọdọ̀ gbọ́ 'bí wọ́n ṣe máa ń ṣe' lẹ́nu yín mọ́ láyé."

Àwọn kan máa ń sunkún níbẹ̀. Wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á tún pàtẹ́wọ́.

Ibi tó ti kọ́ eré yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ń ṣe, láìyọ ohunkóhun kúrò. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, inú rẹ̀ mọ́, ó lẹ́rìn-ín lẹ́nu. Ọ̀rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ohun tóun náà ń pe gbogbo èèyàn nìyẹn. Ọlọ́pàá, Ọ̀rẹ́. Ajá, Ọ̀rẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní orúkọ míì lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin yìí. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, òun ló máa ń de bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún un láràárọ̀ kóun tó lọ sílé ìwé. Aǹtí Bọ́tìnì ló ń pè é títí dòní.

Nígbà tí eré náà kọ́kọ́ gbajúmọ̀, Ọ̀gá Dókítà tó jẹ́ olórí ọsibítù bi í pé, "Níbo lẹ ti rí gbogbo èyí kọ́? Àbí ẹ ní irú wọn nílé ni?"

"Ìwádìí ni, sà," ó ní. "Ọmọ kan ṣoṣo ni mo jẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi."

Mo bi í ìdí tó fi purọ́. Ó kọ́kọ́ ní òun ò fẹ́ da ọ̀rọ̀ ilé pọ̀ mọ́ iṣẹ́. Mo tún bi í. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n rò pé ìwé kọ́ lòun kà. Mo bi í lẹ́ẹ̀kẹta. Ó wá ní, "Ojú ń tì mí ni. Ṣé ó ti tẹ́ ẹ lọ́rùn?"

Irọ́ náà dùn ún sọ débi pé ó tún un sọ lórí rédíò. Olóòtú bi í nípa ẹbí rẹ̀, ó fèsì wọ̀ọ̀rọ̀wọ́: "Ọmọ kan ṣoṣo ni mí." Ìyá rẹ̀ ń gbọ́ ọ nílé. Ọ̀rẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò náà, ó ń jó, inú rẹ̀ ń dùn pé Aǹtí Bọ́tìnì ń sọ̀rọ̀. Ìyá ò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ fún ọmọbìnrin náà rí. Ó pa rédíò, ó lọ sẹ́yìnkùlé lọ ká aṣọ tó sá.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn nígbà tí ipò ńlá yọjú. Wọ́n fẹ́ yan ẹni tó máa jẹ́ olórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo ọsibítù ìjọba. Àwọn àlejò ń bọ̀ wá wo Màdáàmù Onítọ̀hún lẹ́nu iṣẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀ mọ́. Ó lọ ra ṣẹ́ẹ̀tì tuntun tí bọ́tìnì rẹ̀ tóbi gan-an, kí àwọn tó bá jókòó lẹ́yìn lè rí i dáadáa bó bá ń yí i.

Ibi tó ti ń wo ara rẹ̀ nínú dígí ọ́fíìsì ni fóònù ti dún. Ìyá rẹ̀ ni.

"Ọmọ mi, Ọ̀rẹ́ ò jẹun o. Látàná ló ti ń gbá ara ẹ̀ létí."

"Ṣé kì í ṣe pé inú ló ń bí i, Màmá?"

"Ta ló bí i nínú? Ó kàn ń kùn ṣáá. Mo ní kí n mú un wá bá ọ níbẹ̀ yẹn."

"Níbí kẹ̀?" Ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. "Ẹ má mú un wá o. Ẹ fọkàn balẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ. Mo bi í bóyá òun náà gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu òun. Ó ní òun gbọ́ ọ ketekete, òun sì ń bá ọ̀rọ̀ òun lọ.

"Oògùn oorun tí mo fi sílẹ̀ fún un nílé, ẹ lò ó fún un," ó ní. "Ara ẹ̀ á wálẹ̀."

"Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí," ni ìyá rẹ̀ wí. "Gbà, bá a sọ̀rọ̀. Bi í fúnra ẹ."

"Mi ò ráyè, Màmá."

Màdáàmù Onítọ̀hún ò ráyè bi onítọ̀hún.

Ìyá rẹ̀ tún pè nígbà tó ku ọ̀la kí àlejò dé. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ti wú. Oorun ṣáá ló ń sùn, tó bá jí, á tún máa kùn. Omi gan-an, kò mu ún dáadáa."

Nọ́ọ̀sì tó wà nínú obìnrin yìí mọ ohun tí wíwú yẹn túmọ̀ sí. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n gbé e wá lójú ẹsẹ̀. Ó wo ṣẹ́ẹ̀tì tuntun tó fi kọ́ sára ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí àwọn àlejò yìí lọ ná, Màmá. Tí wọ́n bá ti lọ, màá wá gbé e fúnra mi. Ẹ fi omi tútù tẹ̀ ẹ́ fún un."

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n," ni ìyá wí. "Ìwọ ni nọ́ọ̀sì."

Ilẹ̀ mọ́, àlejò dé. Ọkùnrin kan tó sanra, obìnrin kan tó wọ awò ojú, àtàwọn tó ń tẹ̀ lé wọn. Màdáàmù ṣeré fún wọn lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, eré ọ̀hún ò tíì dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó yí bọ́tìnì ńlá yẹn síwá sẹ́yìn, obìnrin aláwò ojú yọ áńkáṣífù.

Ọ̀gá Dókítà wá ní, "Ó ku ẹyọ kan. Àwọn àlejò wa fẹ́ rí i bí àwọn tẹ́ ẹ kọ́ ṣe ń ṣe é nísàlẹ̀, pẹ̀lú aláìsàn gidi."

"Kò sí wàhálà, sà," ó ní, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, torí ó mọ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nísàlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan ni, tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́. Kí Jẹ́jẹ́ tó dìde lórí àga, ẹlòmíì á ti lọ á ti bọ̀. Màdáàmù máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì pé aláìsàn á ti sàn kó tó kí i tán.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ti ń gba aláìsàn. Wọ́n pọ̀, wọ́n dí ẹnu ọ̀nà pa. Màdáàmù na ọrùn wò láti ẹ̀yìn wọn.

Jẹ́jẹ́ ti to àga bí wọ́n ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́. Lórí àga iwájú, Ọ̀rẹ́ jókòó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ rọ nítorí oògùn oorun. Lórí àga ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ìyá rẹ̀.

Ìyá gbójú sókè, ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ìyá ò kí i, kò mi orí. Ó gbójú kúrò lára ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀.

Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè rí ojú aláìsàn. "Ẹ káàbọ̀ o. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Kí ni kí n máa pè yín?"

Ó pẹ́ kí ìdáhùn tó wá. Jẹ́jẹ́ dúró. Ó mọ ìdúró.

"Ọ̀rẹ́."

"Ọ̀rẹ́, ẹ fi hàn mí, níbo ló ń dùn yín?"

Ọ̀rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́nu. Ìka méjì gòkè, wọ́n mú bọ́tìnì ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. Ó tẹ orí sápá kan, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti èjìká.

"Haa!" ni obìnrin aláwò ojú wí. "Ohun tá a rí lókè gan-an nìyí! Òṣèré ni, àbí? Kò yọ nǹkan kan sílẹ̀!"

Ọ̀gá Dókítà yíjú sí Màdáàmù, eyín funfun lẹ́nu. "Ẹ ò sọ fún wa pé ẹ ti kọ́ òṣèré! Ìyàlẹ́nu lẹ fẹ́ fi í ṣe fún wa, àbí?"

Ibi tí mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má yára sọ ọ́ nìyí, kí n lè mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà náà. Ó ní òun rí nǹkan méjì níwájú òun. Ọ̀kan ni àbúrò òun. Ìkejì ni ipò. Ó ní òun ronú pé irọ́ náà kò ju ti ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, pé táwọn àlejò bá ti yí ẹ̀yìn, òun á sáré gbé Ọ̀rẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń wo eyín.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ó ní. "Òṣèré ni. Èmi ni mo kọ́ ọ."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Yàrá kékeré ni, ariwo náà bú jáde. Ọ̀rẹ́ fi ọwọ́ kan di etí, ọwọ́ kejì ò fi bọ́tìnì sílẹ̀, ó ń yí i kíákíá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pàtẹ́wọ́ mọ́," ni Jẹ́jẹ́ wí, láì wo ẹ̀yìn. "Ẹ̀rù ń bà á." Ó tún kọjú sí Ọ̀rẹ́. "Ṣé kí n fi ọwọ́ kàn án? Díẹ̀ báyìí."

Ọ̀rẹ́ mi orí. Jẹ́jẹ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn, ó kan iwájú orí. Ó ní kó la ẹnu, Ọ̀rẹ́ là á dé ibi tó lè là á dé. Òórùn tó jáde, ọkùnrin tó sanra yẹn fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

Jẹ́jẹ́ dìde. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó yára.

"Màdáàmù, ẹ má bínú o," ó ní. "Òṣèré lè kùn. Òṣèré lè yí bọ́tìnì. Ara òṣèré kì í gbóná báyìí. Ọyún ti kún ìdí eyín ọkùnrin yìí."

Jẹ́jẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ọ̀rẹ́, ta lẹ ti sọ fún pé ó ń dùn yín?"

"Màmá."

"Ṣé ẹlòmíì wà?"

"Aǹtí Bọ́tìnì. Nínú fóònù." Ọ̀rẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà wá lẹ́yọ lẹ́yọ, ẹnu ń dùn ún. "Aǹtí Bọ́tìnì ò ráyè."

"Ta ni Aǹtí Bọ́tìnì?"

Àwọn àlejò ti yà sọ́tọ̀ díẹ̀ nítorí òórùn. Ọ̀rẹ́ gbé orí sókè, ó wo àárín wọn. Pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú yẹn náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó na ọwọ́.

"Aǹtí Bọ́tìnì nìyẹn!"

Gbogbo ojú yí padà. Wọ́n wo obìnrin náà. Wọ́n wo bọ́tìnì ńlá tó wà lọ́rùn aṣọ rẹ̀. Wọ́n wo bọ́tìnì kékeré tó wà lọ́wọ́ Ọ̀rẹ́. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Ọ̀gá Dókítà lọ síwájú ìyá. "Màmá, ẹ dákun, ṣé ọmọ yín ni nọ́ọ̀sì wa yìí?"

Ìyá gbé ojú sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Rárá o, sà," ó ní. "Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Òun ló wà lórí àga yẹn."

Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, obìnrin náà ò mọ̀ bóyá ńṣe ni ìyá òun fẹ́ gba òun sílẹ̀, àbí ó fẹ́ san án padà fún òun.

Obìnrin náà kúnlẹ̀ síbẹ̀ tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì tuntun. "Àbúrò mi ni," ó ní. "Ẹ gbọ́, àbúrò mi ni." Àmọ́ Jẹ́jẹ́ ti ń ti Ọ̀rẹ́ lọ lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, kò ráyè ẹni tó ń kúnlẹ̀.

Wọ́n yọ eyín náà, wọ́n fa ọyún jáde. Dókítà tó ṣe é sọ pé wíwú náà ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọ̀nà ọ̀fun, pé ká ní wọ́n dúró de ìgbà tí àlejò máa lọ, tí ẹ̀gbọ́n máa wá gbé e fúnra rẹ̀, èémí lè má gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Obìnrin náà ní, "Ẹ ṣé, Dókítà."

Nígbà tí Ọ̀rẹ́ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, òun àti ìyá jókòó síbẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ àbúrò rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rù bà á gan-an lónìí. Ẹ wo bó ṣe fa bọ́tìnì yẹn tu."

Ìyá rẹ̀ wò ó lọ, ó wò ó bọ̀.

"Ẹ̀rù? Ṣé ohun tó o fi ń kọ́ wọn nìyẹn?" ni ìyá wí. "Ta ló máa ń dè é fún un láràárọ̀? Bó o bá ti jáde lọ sílé ìwé báyìí, á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa yí i. Ó ń pè ọ́ ni. Láti ìgbà tó o ti wà ní kékeré ló ti ń pè ọ́."

Obìnrin náà ní òun fẹ́ sunkún, omijé ò jáde.

Ẹ̀yin náà á máa retí pé wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọn ò lé e. Ipò ńlá yẹn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì lóòótọ́, àmọ́ Ọ̀gá Dókítà pè é, ó ní, "Ẹ máa kọ́ wọn lọ. Ohun tẹ́ ẹ kọ́ Jẹ́jẹ́ ló gba àbúrò yín là. Àmọ́ ẹ ò ní ṣeré yẹn mọ́." Obìnrin náà ní ká ní wọ́n lé òun ni, ì bá rọ òun lọ́rùn.

Ọ̀rẹ́ ló ń jókòó sórí àga onítọ̀hún báyìí. Wọ́n gbà á síṣẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà á wá síwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kí i, wọ́n á bi í léèrè, òun ló ń sọ ẹni tó gbọ́rọ̀ àtẹni tí kò gbọ́. Kì í ṣojúsàájú. Ó ti dá dókítà àgbà kan padà rí, ó ní, "Ọ̀rẹ́, ògiri lò ń wò." Jẹ́jẹ́ ló máa ń tẹ̀ lé e wá láti ẹnu géètì. Nígbà tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, Jẹ́jẹ́ yìí náà ló ń jókòó tì í láràárọ̀, tó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mú bọ́tìnì wọ ihò, tí kò kánjú, tí kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lórí àga ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ibẹ̀ ló ti ń kọ́ wọn báyìí. Ó ti tú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo kíláàsì, wọ́n sì ti gbọ́ nípa eré àtijọ́. Ó sì máa ń wo ìka àbúrò rẹ̀. Ó ní kò sígbà tóun kì í wò ó. Ìgbàkígbà tí ìka yẹn bá gbéra, á rò pé òun ló ń pè. Imú ni yóò lọ họ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan na ọwọ́ sókè. "Màdáàmù, bọ́tìnì tẹ́ ẹ sọ fún wa ńkọ́? A ò rí i kó yí i."

Ó ní, "Ẹ bi onítọ̀hún."

Wọ́n bi í.

Ọ̀rẹ́ wo àyà ara rẹ̀. Gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ ló wọlé, láti ọrùn títí dé ìsàlẹ̀, kò sí èyí tó ṣì ihò.

"Mo ti ń dè é fúnra mi," ó ní.